Àpá Tí Ojú Kò Rí

Arábìnrin kan wá bá wa lẹ́yìn ìsìn ọjọ́rú. Oyún rẹ̀ kejì ti wọ oṣù kẹjọ. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ fún àwọn agbẹ̀bí níbi tí ó ti forúkọ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé òun kò bímọ bí àwọn obìnrin Hébérù. Ó ní kí a bá òun gbàdúrà. A gbàdúrà. Lẹ́yìn náà ni a béèrè pé, “Àpá náà ńkọ́?” Ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó ní, “Ó ti jiná tipẹ́, sà.”

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ti awọ ikùn ni à ń wí. Àpá mìíràn wà nínú, ní ìsàlẹ̀ ilé ọmọ, níbi tí ó máa ń fẹ́lẹ́ sí i bí oyún ti ń dàgbà. Kì í sábà ya. Ṣùgbọ́n bí ó bá ya nígbà ìrọbí, ẹ̀jẹ̀ a máa dà sínú ikùn ìyá, èémí ọmọ a sì dínkù, ìṣẹ́jú ni a ó sì máa kà, kì í ṣe wákàtí.

Skáànì lè yẹ ibẹ̀ wò. Ìró tí etí wa kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ náà ń rán wọ inú, tí ó sì ń sọ di àwòrán. Kì í ṣe X-ray. Wọ́n lè ní kí aboyún mu omi kí ìtọ̀ lè wà nínú àpò ìtọ̀ rẹ̀, nítorí iwájú ibi àpá gan-an ni àpò náà wà, ìyẹn ni yóò jẹ́ kí etí àpá hàn kedere. Nígbà náà ni wọn yóò wọn bí ó ti nípọn tó.

Ní ọdún 1996, àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé kọ ìròyìn irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìṣègùn The Lancet. Obìnrin 642 ni wọ́n wọn tiwọn, ní ọ̀sẹ̀ 36 sí 38 oyún, wọn kò sì sọ iye náà fún àwọn tí ó gbẹ̀bí. Nínú 455 tí tiwọn ju mìlímítà 3.5 lọ, àwọn 3 péré ni àpá wọn ya tàbí tí ó là. Nínú 187 yòókù, 22 ni. Ẹ kíyè sí i: àwọn 165 tí tiwọn fẹ́lẹ́ ni àpá wọn kò ní àbùkù. Nítorí náà kí aboyún má ṣe sunkún nítorí pé wọ́n ní ó fẹ́lẹ́. Kí ẹni tí tirẹ̀ nípọn má sì torí ẹ̀ jókòó bímọ sílé. Àwọn 3 yẹn náà ènìyàn ni.

Skáànì yóò tún fi ibi tí olóbi wà hàn. Bí ó bá jókòó lórí àpá, ó lè ta gbòǹgbò wọ inú rẹ̀, kí ó má sì ṣeé yọ lẹ́yìn ìbí. Ó yẹ kí dókítà ti mọ èyí ṣáájú, kí wọ́n lè pèsè ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, òun àti ọkọ rẹ̀ jọ lọ. A ní kí wọ́n mú káàdì ilé ìwòsàn àtijọ́ dání, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí bóyá òòró tàbí ìbú ni wọ́n la ilé ọmọ. Èyí tí wọ́n là lóòró lókè ilé ọmọ léwu jù nígbà ìrọbí, a kò sì lè fi àpá awọ ikùn mọ̀ ọ́n.