Ilé Ẹ̀yìn Píkọ́ọ̀pù: Ẹ Wọn Ẹrù Kí Ẹ Tó Kan Ìṣó

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kan gbogbo ẹni tó ń fi píkọ́ọ̀pù ná ọjà ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá ń ná ọjà ọrún mọ ohun tí à ń wí. Ọjà á kún títí di ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ á ṣú, ọ̀nà ilé á jìn, ó sì ti rẹ awakọ̀. Àwọn kan á wá ilé àlejò lọ, owó tí wọ́n bá san níbẹ̀ á sì jẹ nínú èrè. Àwọn kan á sùn lórí ìjókòó ọkọ̀, bí ilẹ̀ bá mọ́, ọrùn á máa dùn wọ́n. Àwọn mìíràn á tẹ́ ẹní sórí ẹrù, wọ́n á fi tapólì bora, bí òjò bá sì dé, ẹrù àti ẹlẹ́rù á jọ rẹ ni. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣòwò kan fi ń sọ pé àwọn fẹ́ kan ilé kékeré sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù: ilé onípákó tó ní òrùlé, ilẹ̀kùn, fèrèsé àti ibùsùn, tí ènìyàn lè ti ọjà rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú àgádágodo.

Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́ fún yín: ilé náà fúnra rẹ̀, ẹrù ni. Ọkọ̀ kò mọ̀ pé ilé ni èyí, pé ọjà ni tọ̀hún. Ìwọ̀n nìkan ló mọ̀. Ẹni tí kò bá wọn ẹrù kó tó kan ìṣó, owó ara rẹ̀ ló ń kàn mọ́ pákó yẹn o.

KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣà àjèjì la fẹ́ gbé wá. Àwọn káfíńtà wa ti ń kọ́lé sórí ọkọ̀ tipẹ́. Ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ á rántí bọ̀lẹ̀kájà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Bedford tó ti Ìlú Ọba wá nígbà náà, ṣáàsì àti ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi ń dé. Àwọn káfíńtà ilẹ̀ wa ló ń fi pákó kan ara rẹ̀, tí wọ́n ń to bẹ́ńṣì sínú rẹ̀, tí àwọn tó ń kun ọ̀dà sì ń kọ òwe àti àdúrà sí iwájú àti ẹ̀yìn. Ní Amẹ́ríkà náà, lọ́dún 1917, ilé iṣẹ́ Ford gbé ọkọ̀ Model TT jáde, ọkọ̀ tó wà fún ẹrù tọ́ọ̀nù kan. Ṣáàsì rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Ẹni tó bá rà á ló ń wá ẹni tí yóò kan èyí tó wù ú sí i lẹ́yìn.

Ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tó lókìkí jù lọ ni ti John Steinbeck, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1962. Lọ́dún 1960, ó ní kí wọ́n gbé ilé kékeré lé orí píkọ́ọ̀pù GMC kan fún òun. Ó sọ ọkọ̀ náà ní Rocinante, ó gbé ajá rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì fi rin ilẹ̀ Amẹ́ríkà yí ká. Nínú ìwé tó kọ lórí ìrìn àjò náà, tó jáde ní 1962, ó sọ pé ohun tí òun kó dání pọ̀ kọjá ohun tí òun nílò. Nígbà tó dé ìpínlẹ̀ Oregon, táyà ẹ̀yìn kan bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú òjò, ó sì di dandan kó wá táyà tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ yẹn ṣì wà di òní ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní ìlú Salinas, ní California. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí kò tilẹ̀ gbé àpò ìrẹsì kan ṣoṣo o!

ÌṢIRÒ TÓ YẸ KÓ ṢÁÁJÚ

Ẹ wo ìwé tó bá ọkọ̀ yín wá, tàbí àwo kékeré tó sábà máa ń wà lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ ó rí ìwọ̀n tí ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ kọjá bó bá kún. Ẹ yọ ìwọ̀n òfìfo ọkọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Èyí tó kù ni ẹrù tó lè gbé, àti ènìyàn, àti ilé, àti ọjà, gbogbo rẹ̀ pátá. Bí ọkọ̀ bá ti gbó, tàbí tí wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù, irú èyí tó máa ń wà ní ilé iṣẹ́ afọ́kúta, kí ẹ mọ ìwọ̀n òfìfo rẹ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ tó lè gbé 1,000 kílò ṣe àpẹẹrẹ. Pílíwúùdù onínípọn mílímítà 12, tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 8, wọ̀n tó bíi kílò 20 ní ẹyọ kan. Ilé kékeré lè gba mẹ́fà. Ẹ wá bá wa kà á:

Awakọ̀ àti ẹlẹ́rù, ènìyàn méjì: kílò 150.
Pílíwúùdù mẹ́fà: kílò 120.
Igi férémù: kílò 60.
Páànù tí a fi bo ìta: kílò 30.
Ilẹ̀kùn, bóòtì àti ọ̀dà: kílò 20.
Ibùsùn, fóòmù àti àpótí: kílò 40.
Omi, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì: kílò 50.
Sítóòfù, ìkòkò àti oúnjẹ: kílò 30.
Táyà àfikún, jáàkì àti irinṣẹ́: kílò 40.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ kílò 540. Èyí tó kù fún ọjà jẹ́ kílò 460. Bó bá jẹ́ ìrẹsì oníkílò 50 là ń gbé, àpò mẹ́sàn-án ni. Láìsí ilé, omi, ibùsùn, sítóòfù, ìkòkò àti oúnjẹ, ọkọ̀ kan náà á gbé àpò mẹ́rìndínlógún. Àpò méje ti lọ! Ní ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan ni kẹ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀: èrè orí àpò méje àti owó ilé àlejò òru kan, èwo ló pọ̀ jù? Ẹni tó ń kó iṣu, ìrẹsì, símẹ́ǹtì tàbí gaàrí, àmọ̀ràn wa ni pé kó má kan ilé o. Tapólì tó dára àti ibi ààbò tó ṣeé sùn sàn fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ohun tí kò wúwo tó sì lówó lórí, bí aṣọ òkè tí à ń rà ní Òjé n'Ìbàdàn, àǹkárá, bàtà, tàbí àwọn èlò fóònù, ilé yìí yẹ ẹ́ gan-an. Ọjà rẹ̀ yóò kún inú ilé kí ìwọ̀n tó pé, olè kò sì ní rí i kó.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wá; kí a jẹ, kó sì ṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ kó ṣẹ́kù lórí ìwọ̀n náà. Bí ìṣirò bá fún yín ní àpò mẹ́sàn-án, ẹ gbé mẹ́jọ. Ọ̀nà wa kún fún kòtò, kòtò a sì máa fi kún ìyà táyà àti sípíríǹgì. Àwọn kan á ní kí mẹkáníìkì fi ewé sípíríǹgì kún un, wọ́n á rò pé ó ti parí. Kò parí. Bíréèkì kò pọ̀ sí i, táyà àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò lágbára sí i. Ọkọ̀ kò kàn ní tẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́ ni, ìwọ̀n ń bẹ níbẹ̀.

BÍ A ṢE Ń KAN ÁN

Ilé tó fúyẹ́, tó kúrú, tó sì ṣeé sọ̀ kalẹ̀ ni a fọwọ́ sí. Bí ilé bá ga, afẹ́fẹ́ á máa tì í, ọkọ̀ á sì fẹ́ dojú dé ní kọ́nà. Ilé tí ènìyàn lè jókòó nàró nínú rẹ̀ tó. Kò pọn dandan kí a lè dúró níbẹ̀. Ibùsùn la ń wá, kì í ṣe pálọ̀.

Ilẹ̀ ilé nìkan ni kí ẹ fi pílíwúùdù onímílímítà 12 ṣe. Mílímítà 6 tó fún ògiri àti òrùlé bí férémù bá dára, nítorí ìdajì ni ìwọ̀n rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìyẹn yọ kílò 50, àpò ìrẹsì kan ti padà wá nìyẹn. Bí ẹ bá gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan dípò méjì, kílò 25 tún ti dínkù.

Ìṣó nìkan kò tó láti so férémù pọ̀. Ọkọ̀ a máa gbọ̀n, ìṣó a sì máa yọ díẹ̀díẹ̀. Síkúrù àti gúlúù ni kí káfíńtà lò, kó sì fi ọ̀dà kun etí pílíwúùdù dáadáa kó tó kàn án, nítorí etí ló máa ń kọ́kọ́ mu omi. Kí òrùlé dagun díẹ̀ kí omi lè ṣàn lọ.

Ẹ má ṣe so ilé mọ́ páànù ara ọkọ̀ lásán. Bóòtì ńlá mẹ́rin ni kó so ó mọ́ ibi tó lágbára tó wà lórí ṣáàsì, kí ẹ sì fi rọ́bà táyà àlòkù sáàárín igi àti irin kí wọ́n má baà máa ha ara wọn títí irin á fi dógùn-ún. Bí jórinjórin bá máa jó nǹkan mọ́ ọkọ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ yọ okùn bátìrì, kí iná má sì dé itòsí táńkì epo. Bóòtì mẹ́rin yẹn náà ló máa jẹ́ kí ilé ṣeé sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò sí ọjà ọ̀nà jíjìn, ọkùnrin mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lè gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù, kí píkọ́ọ̀pù sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ti ẹrù inú rẹ̀, ohun tó bá wúwo ni kó wà nísàlẹ̀, kó sì sún mọ́ iwájú, ṣáájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí ẹ bá to ohun tó wúwo sí ìdí, iwájú ọkọ̀ á fúyẹ́, ọwọ́ ìdarí ò sì ní gbọ́ràn mọ́. Ẹ fi ibùsùn sókè díẹ̀, kí ọjà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó sùn lórí ọjà rẹ̀ kò nílò ọlọ́dẹ méjì.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò lágbègbè yín àti lọ́wọ́ àwọn adójútòfò yín bí wọ́n bá gba irú àyípadà bẹ́ẹ̀. Kí ilé má sì bo iná ẹ̀yìn àti nọ́ńbà ọkọ̀.

Ẹ̀MÍ LÓ JU ỌJÀ LỌ

Níbi yìí, a bẹ̀ yín, ẹ fi ara balẹ̀ kà á. Inú ilé kékeré tí a pa dé, iná àti ẹ́ńjìnnì lè pa ènìyàn lójú oorun. Èéfín olóró kan wà tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù monọ́síìdì. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ènìyàn lójú. Inú èéfín ọkọ̀ ló wà, ó ń ti ara jẹnẹrétọ̀ jáde, ó ń ti ara èédú tó ń jó wá, ó sì lè ti ara sítóòfù àti àtùpà wá. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ló máa ń kọ́kọ́ fà. Ẹni tó ti sùn lè má mọ èyíkéyìí nínú wọn, ó lè má sì jí mọ́.

Nítorí náà, ẹ má tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ sùn. Ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sínú ilé náà tàbí sí itòsí fèrèsé rẹ̀. Ẹ má gbé ìkòkò èédú wọlé nítorí òtútù. Ìta ni kí ẹ ti se oúnjẹ. Kí ẹnu sàlẹ́ńsà nà kọjá ìdí ilé, kí èéfín má baà máa kó sábẹ́ ilẹ̀ ilé. Kí ihò afẹ́fẹ́ méjì wà tí kì í pa dé rárá, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè lódì kejì, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n nítorí ẹ̀fọn. Afẹ́fẹ́ yẹn náà ni kì í jẹ́ kí èémí àwọn tó sùn sọ aṣọ ọjà di tútù mọ́jú. Iná sólà kékeré tó láti fi ríran.

Kí ilẹ̀kùn ṣeé ṣí láti inú, kódà bí ọmọ ọkọ̀ bá ti fi àgádágodo tì í lóde. Èyí tó túmọ̀ sí pé kí fèrèsé kan tóbi tó èyí tí ènìyàn lè gbà jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Inú gáréèjì tàbí inú ọjà tó ní ọlọ́dẹ ni kí ẹ sì sùn, kì í ṣe ẹ̀bá títì.

IPA TI ẸGBẸ́

Ẹni tó bá fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ fún iṣẹ́ yìí, kó mú ìwé ìṣirò méjì wá: ti owó àti ti ìwọ̀n. Ìwé ìwọ̀n yẹn ló máa fi han ìgbìmọ̀ bóyá ilé náà máa san gbèsè rẹ̀ tàbí yóò dá gbèsè mìíràn sílẹ̀. Bí ilé bá sì ṣeé sọ̀ kalẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tí ọkọ̀ wọn jọra tí ọjọ́ ọjà wọn kò papọ̀ lè dáwó kan ẹyọ kan ṣoṣo. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ń lò ó lọ́jọ́ wo, ta ló ń tún un ṣe bó bá bàjẹ́, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá fẹ́ yọ owó rẹ̀. Ohun tí a kọ sílẹ̀ kì í dìjà.

Àwọn àgbà ní, àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ gbé ilé rin ọ̀nà, ẹ wọn ọkọ̀, ẹ wọn ilé, ẹ wọn ọjà, kí ẹ ṣí ihò afẹ́fẹ́, kí ẹ sì sùn ire. Ìrìn àjò yín á dára, ẹ ó tà, ẹ ó jèrè, ẹ ó sì bá ilé láyọ̀ o.