Ìlà Dúdú Tó Gba Àárín Ìwé Kọjá

Tí ìdánwò bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan ní Kwara State University, Malete, ìdí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì ni kí ẹ ti máa wá ọmọ ilé ìwé. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, handout ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe mẹ́rin." "Ojú kan ni àbí tẹ̀yìn-tojú?"

Nígbà ọyẹ́ kan tí mo dúró sí ìdí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ìwé tó ń jáde ló ní ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ni ín ní inki ló ń jò. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà mirí. "Kò sí inki nínú ẹ̀, àbúrò. Eruku ni."

Òótọ́ ló sọ, kò sí inki níbẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, tí ẹ bá fi òòyà onírọ́bà ya irun tó gbẹ dáadáa, tí ẹ sún un mọ́ bébà wẹ́wẹ́, bébà á fò lẹ̀ mọ́ ọn. Irú agbára iná yẹn ló ń ṣe fọ́tókọ́pì. Àgbá róbótó kan tó ń dán wà nínú ẹ̀rọ náà, drọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Bí drọ́ọ̀mù bá wà nínú òkùnkùn, ó di agbára iná tí wọ́n fún un mú ṣinṣin. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, iná á tàn sí ojú ìwé, ibi tó funfun á ta ìmọ́lẹ̀ padà, dígí á darí rẹ̀ sára drọ́ọ̀mù, agbára ibẹ̀ á sì lọ. Lẹ́tà dúdú kì í ta ìmọ́lẹ̀ padà, nítorí náà àwòrán lẹ́tà nìkan ni agbára ń ṣẹ́ kù sí. Tóònà, ìyẹ̀fun ike tí wọ́n po èédú lúbúlúbú mọ́, á wá lọ lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Bébà á gbà á lára drọ́ọ̀mù, rólà gbígbóná á sì yọ́ ọ mọ́ bébà.

Ìyà akẹ́kọ̀ọ́ wà lára ohun tó bí ẹ̀rọ yìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1930, Chester Carlson ń kọ́ òfin lálẹ́ ní New York. Kò lówó ìwé, ó ń lọ jókòó sí ilé ìkàwé kó lè fi ọwọ́ dà á kọ, bẹ́ẹ̀ oríkèé ń ro ó. Ní 22 October 1938, ní Astoria, òun àti Otto Kornei, ọmọ Austria, fi imí ọjọ́ bo pẹlẹbẹ irin kan, wọ́n fi aṣọ ra á títí ó fi gba agbára iná. Wọ́n gbé gíláàsì tí wọ́n kọ "10-22-38 ASTORIA" sí lé e, wọ́n tan iná sí i, wọ́n bu ìyẹ̀fun lé e, wọ́n fẹ́ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dúró síbẹ̀. Síbẹ̀, iléeṣẹ́ tó lé ní 20 ló lé Carlson padà. Ọdún 1959 ni ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì Xerox 914 tó jáde. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí iye akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì ń fi ọwọ́ da ìwé kọ láàárín ọdún wọ̀nyẹn.

Ìlà dúdú wá ńkọ́? Àwọn ẹ̀rọ òde òní ní ojú. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ojú náà ni CCD, ìlà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú bíńtín-bíńtín tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di nọ́ńbà, kí lésà tó ya lẹ́tà sára drọ́ọ̀mù. Willard Boyle àti George Smith ló ronú kàn án ní Bell Labs ní 1969. Wọ́n gba Nobel lórí rẹ̀ ní 2009, ọdún tí wọ́n dá yunifásítì Malete sílẹ̀. Bí ẹ bá tẹ́ ìwé sórí dígí ńlá, iná àti dígí abẹ́ rẹ̀ ló ń rìn, wọ́n ń ka ìwé ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kì í sí òkè ẹ̀rọ, ìwé ló ń sáré kọjá lórí dígí tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ojú dúró sójú kan. Eruku kan ṣoṣo lórí dígí ńlá, àmì kékeré ló máa fi sílẹ̀. Lórí dígí tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo ìlà tó bá kọjá ni ojú ń rí eruku yẹn níbì kan náà, ó sì di ìlà gbọọrọ.

Ọ̀gbẹ́ni náà ṣí ìdérí, ó fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu dígí kékeré náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó tún ìwé kì. Èyí tó jáde mọ́ tónítóní. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kó o mọ́ra, ìwé ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.