Ìdánwò Kù sí Dẹ̀dẹ̀ ní Daechi-dong

Téèyàn bá jáde ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Daechi, ní agbègbè Gangnam nílùú Seoul, kó gbójú sókè: pátákó lórí pátákó ni. Ìṣirò nísàlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì láàárín, sáyẹ́ǹsì lókè téńté. Hagwon làwọn ará Kòríà ń pe àwọn ilé lẹ́sìnì wọ̀nyí. Ilẹ̀ ti ṣú, àmọ́ àwọn ọmọ ṣì ń rọ́ wọlé, báàgì wúwo lẹ́yìn wọn.

Nínú kíláásì Gẹ̀ẹ́sì tí mo jókòó sí, wọ́n kọ "D-20" sí igun pátákó: ogún ọjọ́ ló kù kí wọ́n ṣe Suneung, ìdánwò àṣewọ yunifásítì. Tíṣà wá kọ gbólóhùn kan sábẹ́ rẹ̀: The exam is around the corner.

Ọmọkùnrin kan nawọ́. "Seonsaengnim," ìyẹn tíṣà, "kọ́nà wo?"

Tíṣà ò rẹ́rìn-ín. Ó ya títì tó ṣẹ́ kọ́nà, ó fi èèyàn sápá kan, ó fi bọ́ọ̀sì sápá kejì. Ẹni yẹn ò tíì rí bọ́ọ̀sì, àmọ́ kó tó ṣẹ́jú, wọ́n ti ṣe kòńgẹ́. Ti Kòríà yàtọ̀: ohun tó bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ti dé ko-ap, iwájú imú, níbi tójú ti ń rí i kedere. Ọmọbìnrin kan fi ọgbọ́n èdè tirẹ̀ kọ ọ́: The exam came around the corner. Tíṣà pa came rẹ́, ó fi is rọ́pò rẹ̀. Lédè Kòríà, ìdánwò ló ń rìn bọ̀ wá bá èèyàn. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ńṣe ló ti lúgọ síbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé tó jẹ́ ìdánwò ló fi ṣàpẹẹrẹ. Láti 1993 ni wọ́n ti ń ṣe Suneung. Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kọkànlá ló sábà máa ń bọ́ sí, bó bá sì kan Gẹ̀ẹ́sì àfetígbọ́, bàálù kì í gbéra, kì í balẹ̀, fún ìṣẹ́jú 35 jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ti to yeot síta, súìtì tó ń lẹ̀ típẹ́típẹ́: ẹni tó bá jẹ ẹ́ á lẹ̀ mọ́ yunifásítì. Ọbẹ̀ ewé òkun ńkọ́? Èèwọ̀! Ó ń yọ̀, kí ọmọ má lọ yọ̀ ṣubú.

Òfin Seoul ní kí hagwon tilẹ̀kùn láago mẹ́wàá alẹ́. Nígbà tó kù díẹ̀, tíṣà ní kí kálukú kọ gbólóhùn tirẹ̀. Ọmọkùnrin ẹlẹ́ẹ̀kan ló kọ́kọ́ dìde kà á: Winter vacation is around the corner.

"O gbà á," ni tíṣà wí, "àmọ́ wo kọ́nà yẹn dáadáa: Suneung ló máa kọ́kọ́ yọ."