Òtútù Ilẹ̀ Vermont àti Bí Àgbẹ̀ Ibẹ̀ Ti Ń Ṣírò Igi Ìdáná

Ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí ètè bá ń bẹ́, tí àwọn àgbàlagbà sì ń yá iná ní ìdájí, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé oòrùn ọ̀sán yóò dé, yóò sì lé òtútù lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ ní Vermont, ìpínlẹ̀ kékeré kan tí ó kún fún òkè àti igbó ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta ọdún, òtútù lè mú níbẹ̀ tọ̀sán-tòru fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Omi adágún a dì, a sì le tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀. Òjò-dídì a sì bo oko mọ́lẹ̀. Bí iná ilé bá kú ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, omi yóò dì nínú ọ̀pá omi ilé náà, yóò sì bẹ́ ẹ. Bí arúgbó tàbí ọmọ-ọwọ́ bá sì wà nínú ilé, ẹ̀mí wọn wà nínú ewu. Nítorí náà àgbẹ̀ tí ó ń fi igi mú ilé rẹ̀ móoru kò lè máa fi ojú díwọ̀n igi lásán. Ó ní láti ṣírò rẹ̀ bí ẹni tí ń ṣírò owó.

Ohun èlò ìṣirò náà kò pọ̀. Tẹmọ́mítà ni a fi ń mọ bí ooru tàbí òtútù ti pọ̀ tó, èyí tí ó sì dára jù fún iṣẹ́ yìí ni irú èyí tí James Six, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ronú kàn ní nǹkan bí ọdún 1780. Àmì méjì ni ó ní: ọ̀kan ń dúró sí ibi tí ooru ga dé, èkejì sí ibi tí òtútù sọ̀kalẹ̀ dé, títí ẹni tí ó ni ín yóò fi dá wọn padà. A kì í fi í kọ́ sára ògiri ilé, nítorí ooru inú ilé yóò tàn án jẹ. A kì í sì gbé e sójú oòrùn. Inú àpótí funfun tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni àyè rẹ̀, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sókè ilẹ̀. Lẹ́yìn èyí, igi ìwọ̀n kan wà tí a fi ń wo bí òjò-dídì ti jìn tó. Èyí tí ó jìn tó íǹṣì mẹ́wàá, bí a bá yọ́ ọ, omi rẹ̀ a máa tó nǹkan bí íǹṣì kan. Ṣùgbọ́n èyí tí ó lọ́rinrin wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè wó òrùlé.

Ohun tí ó ṣòro jù níbẹ̀ kì í ṣe rírà àwọn nǹkan wọ̀nyí, bí kò ṣe kíkọ ohun tí a rí sílẹ̀ ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́ láìsí àfojúdi. Láti ìgbà òfin ọdún 1890 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ń gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú tí ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn àgbẹ̀ sì pọ̀ nínú wọn. Ọ̀kan nínú àwọn olùṣọ́jú-ọjọ́ tí orúkọ wọn kàn jù ní Vermont ni Wilson Bentley, àgbẹ̀ ìlú Jericho, tí a bí ní ọdún 1865. Ó ń kọ ìròyìn ojú-ọjọ́ sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lọ́dọọdún. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1885 ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ayàwòrán àti awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ya àwòrán ẹyọ òjò-dídì kan ṣoṣo. Kí ó tó kú, ó ya irú rẹ̀ tí ó ju 5,000 lọ. Ẹni tí ó mọ òtútù tó bẹ́ẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ní oṣù kejìlá ọdún 1931, ó fi ẹsẹ̀ rìn nínú ìjì òjò-dídì lọ sí ilé, àrùn ẹ̀dọ̀fóró mú un, ó sì kú.

Bí àkọsílẹ̀ náà ti ń di ìṣirò igi nìyí. Lórí ìwọ̀n Fahrenheit tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, omi ń dì ní 32. Wọ́n sì gbà pé bí ìta bá móoru tó 65, ilé kò nílò iná, nítorí ara àwọn ènìyàn inú rẹ̀, iná oúnjẹ, àti oòrùn ojú fèrèsé tó fún un. Nítorí náà, wọ́n a ro ìwọ̀n tí ó ga jù àti èyí tí ó kéré jù pọ̀, wọ́n a pín in sí méjì, wọ́n a sì yọ ọ́ kúrò nínú 65. Bí 30 bá ni ó ga jù, tí 10 sì kéré jù, ìdajì àròpọ̀ wọn ni 20. Ó ku 45. A lè pe 45 náà ní gbèsè òtútù ọjọ́ náà, igi ni a ó sì fi san án. Bí àròpọ̀ gbèsè ọdún kan bá jẹ́ 7,000, tí ilé náà sì jó kọ́ọ̀dù igi 5, kọ́ọ̀dù kan san 1,400. (Kọ́ọ̀dù kan ni òkìtì igi tí a tò, tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tí ó fẹ̀ ní 4, tí ó sì gùn ní 8.) Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí ìwé bá fi hàn pé gbèsè ti di 3,500, ó yẹ kí kọ́ọ̀dù méjì àbọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Àwọn baba ńlá wọn tí kò ní tẹmọ́mítà ní ọ̀nà tiwọn: ní ọjọ́ kejì oṣù kejì, wọ́n a wò bóyá ìdajì igi àti ìdajì koríko ẹran ṣì kù.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìṣirò yìí yóò di asán bí igi bá tútù. Omi lè tó ìdajì ìwúwo igi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, iná sì ní láti kọ́kọ́ hó omi náà dànù kí ooru tó kan ẹni tí ó yá a. Gbogbo obìnrin tí ó ti fẹ́ iná igi tútù rí ní ìgbà òjò mọ èyí dáradára, ojú rẹ̀ ni ó sì fi san owó ẹ̀kọ́ náà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń la igi ní ìgbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n ń tò ó lórí ọ̀pá kí ó má bàa kan ilẹ̀, tí wọ́n ń bo orí rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún atẹ́gùn. Igi líle bí óákù a máa gbà ju ọdún kan lọ kí ó tó gbẹ. Èyí tí ó gbẹ a sán ní orí, a sì máa dún kò-kò bí a bá fi méjì kan ara wọn. Èyí tí ó tútù a dún gbì.

Igi tútù ní ewu mìíràn. Èéfín rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ inú ọ̀nà èéfín, a sì di èérí dúdú tí ń dán bí ọ̀dà. Bí ó bá pọ̀, iná alágbára yóò mú un lọ́jọ́ kan, yóò sì ké ramúramù lókè ilé. Ilé púpọ̀ ni ó ti ti ibẹ̀ jóná. Nítorí náà ni a ṣe ń gbá ọ̀nà èéfín ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọ̀nà èéfín yìí kan náà ni ó ya ààrò irin ti Vermont yàtọ̀ sí ìkòkò ẹyin iná tí àwọn mìíràn ń gbé wọ yàrá sùn ní àkókò ọyẹ́, tí wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Èédú tí ń jó ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Ó ń gba àyè afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Orí fífọ́, òòyì àti èébì ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti sùn lè má mọ̀ rárá títí ẹ̀mí rẹ̀ yóò fi bọ́. Ẹni tí a bá bá ní irú ipò bẹ́ẹ̀, kí a gbé e jáde sínú afẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ọsibítù. Kò sí ọyẹ́ kan tí ó tutù tó láti mú kí a gbé ẹyin iná wọ inú yàrá tí a tì.

Eérú pẹ̀lú kì í ṣe ohun àfojúfò, nítorí ẹyin iná lè wà láàyè nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Inú garawa irin tí ó ní ìdérí ni wọ́n ń kó o sí, wọ́n a sì gbé e jìnnà sí ilé. Bí ó bá tutù tán, ó di ti ọgbà. Ní oṣù kẹta, nígbà tí òjò-dídì bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, àwọn àgbẹ̀ Vermont a gbẹ́ ihò sára igi mépù láti gba omi dídùn inú rẹ̀, wọ́n a sì sè é di oyin igi, nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 40 sí gálọ́ọ̀nù kan. Ìyẹn náà ń jẹ igi. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n ń mú àáké, tí wọ́n ń la igi òtútù ọdún tí ń bọ̀.