Ẹ̀rọ Tó Ń Yí Fáànù Mọ́sálááṣí Lè Wa Ọkọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú wa, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ìjọ mọ́sálááṣí, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń ná Marina sí Mile 2 láti oṣù September, ọdún 2023. Iná mànàmáná ló ń wọ́ ọ. Ọdún yẹn náà ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí owó ọkọ̀ sì wọ òbí lọ́rùn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná kàn wá. Báwo ni iná ṣe ń ti ọkọ̀? Ẹ gbójú sókè wo fáànù.

Ẹ̀rọ inú ọ̀pọ̀ fáànù àjà ni wọ́n ń pè ní induction motor. Nikola Tesla gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1888. Apá kan rẹ̀ dúró, wáyà ni wọ́n wé mọ́ ọn. Apá kejì ń yí, kò sì sí wáyà kankan tó gbé iná lọ bá a. Apá tó dúró ló ń dá agbára òòfà tó ń sáré yípo sílẹ̀, òòfà náà a sì máa fa èkejì tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n atẹ̀lé kò gbọdọ̀ bá aṣíwájú dọ́gba. Bó bá bá a dọ́gba, agbára tó ń fà á pin nìyẹn. Ẹ̀yìn díẹ̀ tó ń rìn yìí náà ló ń sọ lára iná di ooru.

Ibí ni ọgbọ́n aṣẹ̀rọ wà. Ọ̀pá bàbà nínú apá tó ń yí máa ń fi iná ṣòfò kéré ju ọ̀pá alumíníọ̀mù lọ. Irin inú rẹ̀ kì í ṣe odidi. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n tò ó léra, kí iná má baà máa yí lásán nínú rẹ̀. Àwọn kan tó ń wé kọ́ìlì láàrin wa a máa fi wáyà tín-ín-rín rọ́pò èyí tó nípọn. Ẹ̀rọ náà á yí, ṣùgbọ́n á máa gbóná, á sì máa jẹ iná. Olè ni mo ka ìyẹn sí.

Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ìdúmọ̀tà, ọkọ̀ epo tó dúró ṣì ń jẹ epo. Ẹ̀rọ iná tí kò yí kì í jẹ nǹkan kan. Bí awakọ̀ bá sì fẹ́ dúró, ẹ̀rọ náà a di jẹnẹrétọ̀, a dá iná díẹ̀ padà sínú bátìrì.

Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ orúkọ Tesla lo induction motor nínú Model S ní ọdún 2012. Nínú Model 3 ti ọdún 2017, òòfà gidi ni wọ́n fi sínú ẹ̀rọ ẹ̀yìn, nítorí pé òfò rẹ̀ kéré. Síbẹ̀, èyí tó ní ẹ̀rọ níwájú pẹ̀lú ṣì lo induction níbẹ̀: bí a bá pa á, kì í fa ọkọ̀ sẹ́yìn bí òòfà ti ń ṣe.