Pàṣán, Àtòrì àti Kòbókò

Lónìí, a ó sọ̀rọ̀ lórí ohun tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré. Ẹgba ni.

Orúkọ ẹgba pọ̀ ní èdè wa. Àtòrì ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń gé nínú igbó. Ó máa ń tẹ̀, kì í tètè dá. Igi ni pàṣán náà. Àwọn tó ń tẹ̀lé Egúngún máa ń mú un dání láti fi lé èrò sẹ́yìn. Awọ màlúù ni a fi ń ṣe kòbókò àti bílálà. Ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá ni a ti gba ọ̀rọ̀ bílálà.

Níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, a tún ń gbọ́ "ṣíkọ́ọ̀tì". Ọ̀rọ̀ Faransé ni. Àwọn Faransé pàápàá gbà á lọ́wọ́ àwọn Potogí. Ní Kóńgò, láti ọdún 1885 sí 1908, lábẹ́ Ọba Léopold II ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, awọ erinmi ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n ń fi na àwọn tí kò kó rọ́bà tó.

Ní ilẹ̀ Dàhòmì, àwọn bàbá wa ṣe iṣẹ́ ipá fún òyìnbó. Ọ̀gá Faransé lè ti ènìyàn dúdú mọ́lé láìdé iwájú adájọ́. Ọdún 1946 ni òfin burúkú yìí àti iṣẹ́ ipá dópin.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyà nìkan ni ẹgba wà fún. Ní Ẹjìgbò, ní Nàìjíríà, àwọn ará ìlú máa ń fi àtòrì na ara wọn nígbà ọdún Òrìṣà Ògìyán. Láàárín àwọn Fúlàní, ọ̀dọ́mọkùnrin a dúró kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nà án. Bí kò bá sunkún, a ti di ọkùnrin.

Kí ló dé tí kòbókò gígùn fi ń dún "pàà" nínú afẹ́fẹ́, tí kò tíì kan ohunkóhun? Ìdí rẹ̀ nípọn, ṣóńṣó rẹ̀ tín-ín-rín. Bí a bá jù ú, agbára ọwọ́ wa á sáré lọ sí ṣóńṣó náà. Ṣóńṣó yìí á wá yára ju ìró lọ, bẹ́ẹ̀ ìró ń rin nǹkan bí mítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Àwọn àgbà ní: pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lókè àjà fún ìyàwó. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, Òfin Ọmọdé tí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2015 kò fàyè gba nína ọmọ mọ́, ì báà jẹ́ nílé tàbí nílé ìwé. Ẹ bá ọmọ wí, ẹ fi ẹnu là á yé e. Pàṣán tí wọ́n fi na àwọn bàbá wa, ẹ má jẹ́ kí a fi pamọ́ sókè àjà de àwọn ọmọ wa.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí:
1. Kí ni a fi ń ṣe kòbókò?
2. Ọdún wo ni iṣẹ́ ipá dópin?
3. Báwo ni ẹ ṣe ń bá ọmọ yín wí láìnà án?