Iṣẹ́ títa mọ́tò olówó ńlá: oníbàárà tó ń sọni dọlọ́rọ̀ náà ló lè kóni sí wàhálà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rí àwọn ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tó wọ kóòtù, tí wọ́n dúró ti BMW àti Rolls-Royce nínú ilé onígíláàsì ní Victoria Island, tẹ́ ẹ wá ń sọ pé, "Àwọn wọ̀nyí ń jayé," ẹ má tíì jowú wọn o. Mọ́tò yẹn kì í ṣe tiwọn. Bí wọ́n bá tà á, wọ́n á rí kọmíṣọ̀n. Bí wọn ò bá tà, ẹ̀rín ẹnu lásán ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn ún gbọ́. Ṣé ẹ mọ̀ pé orúkọ ìyàwó wà nínú orúkọ méjì lára àwọn ilé iṣẹ́ tó lórúkọ jù nídìí ọjà mọ́tò? Elizabeth pẹ̀lú Adé ló di Elizade. Cosmas Maduka àti Charity, ìyàwó rẹ̀, ló di Coscharis, àwọn tó ń ta BMW àti Rolls-Royce. Maduka yìí, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ nídìí ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ti Olóyè Michael Adé-Òjó, ọmọ Ìlárá-Mọ̀kín, ló sún mọ́ wa jù. Ọdún 1965 ló jáde ní Yunifásítì Nsukka. Ó ṣiṣẹ́ ní CFAO, ó lọ sí BP, àmọ́ ọjà mọ́tò kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní 1971, ó dá Elizade sílẹ̀. Mọ́tò Toyota ló fi dolókìkí, nígbà tó sì di 2012, ó ti dá yunifásítì sílẹ̀ nílùú rẹ̀. Ta ló gbé e débẹ̀ bí kò ṣe àwọn oníbàárà tó fọkàn tán an?

Àwa ará Òṣogbo, Àbẹ̀rẹ̀ àti Iléṣà kò yẹ kó ṣe wá ní kàyéfì. Ṣebí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà làwọn òṣómàáló ti wá? Wọ́n á ru aṣọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n á tà á láwìn. Bọ́jọ́ owó bá pé, òṣómàáló á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, ó ní òun ò ní dìde títí òun á fi gba owó òun. Ó mọlé oníbàárà, ó mọ ìgbà tí wọ́n ń ta kòkó.

Bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ń ta mọ́tò olówó ńlá ṣe ń ṣe. Ọjọ́ tó bá tà á tán niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n yí ọ́ìlì, kó mọ orúkọ dẹ́rẹ́bà, kó sì gbé fóònù bí mọ́tò bá dákú lóru. Kò gbọdọ̀ fojú di ẹni tó gun ọ̀kadà wá. Akọ̀wé tó ń wá tòkunbọ̀ ní Àbẹ̀rẹ̀ lónìí lè di ọ̀gá pátápátá lọ́la. Bí olùtajà bá sì yí ibi iṣẹ́ padà, oníbàárà tó mọyì rẹ̀ á tẹ̀ lé e lọ.

Àmọ́ ibi tó le nìyí. Oníbàárà kan lè gbé owó wá nínú báàgì, kó ní òun ò fẹ́ ìwé kankan. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2022 lórí owó àìmọ́ sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ san owó lọ́wọ́ ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, ilé iṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ kọjá mílíọ̀nù 10; èyí tó bá lé, báǹkì ni kó gbà kọjá. Ẹni tó san án jẹ̀bi, ẹni tó gbà á jẹ̀bi. Òfin náà ka àwọn tó ń ta mọ́tò mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ mọ irú ẹni tí oníbàárà wọn jẹ́, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka kan lábẹ́ EFCC. Mọ́tò olówó ńlá wo ló wá ku mílíọ̀nù 5?

Ẹ wo wàhálà ọmọ iṣẹ́ níbẹ̀. Bó bá kọ owó yẹn, kọmíṣọ̀n lọ, ọ̀gá lè bínú. Bó bá gbà á, orúkọ rẹ̀ ló wà lórí rìsíìtì lọ́jọ́ tí EFCC bá dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ wọṣẹ́ yìí, owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ òṣómàáló mọ ilé oníbàárà rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ mọ ibi tí owó oníbàárà yín ti wá.